Ìṣákọ́lẹ̀ Ojú Ọ̀run

Èmi ni mò ń kọ ìwé èésú wa l'Ókè-Ṣópìn,
ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọdún kọkànlá rèé,
ìwé mẹ́rin ni mo ti kọ kún.
Àwa mẹ́tàlá: oníṣòwò pákó mẹ́fà, télọ̀ méjì,
tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì,
àwa yòókù ń ta èyí tá a bá rí.

Oṣù Agẹmọ tó kọjá ló kan Odùtáyọ̀.
A rò pé ẹ̀rọ ìlagi ni yóò rà,
torí ti bàbá rẹ̀ ti ń wúkọ́ bí arúgbó lọ́yẹ́.
Ó gbowó, ó kọrí sí Òde,
ó gbé abọ́ funfun kan bọ̀ nínú páálí,
abọ́ tí kò ṣeé bu ọbẹ̀ sí.
Ó gorí páànù, ó dè é mọ́ òpó,
ó dojú rẹ̀ kọ ibi tẹ́nikẹ́ni ò gbé.

"Ẹ má bínú, Ìyá Akọ̀wé.
Olówó kan ń bẹ lókè òkun
tó ń da irin sójú ọ̀run bí ẹni ń da àgbàdo fádìẹ.
Irin yẹn ló ń sọ̀rọ̀ sínú abọ́,
abọ́ á bù ú sínú fóònù.
Igi tí mo là lówùúrọ̀,
oníbàárà Kánò á ti rí i kóòrùn tó kàn tàrí."

Mo dákẹ́. Pósófíìsì ni bàbá mi ṣe,
nígbà tí wáyà wà lórí òpó láti Òde dé Igbó.
Bí ẹ̀ka igi bá ṣẹ́ lù ú,
gbogbo wa á yadi fún ọ̀sẹ̀ kan,
ṣùgbọ́n a mọ igi tó ṣẹ́,
a sì mọ ẹni tó ni igi.

Kí n má parọ́, abọ́ náà ṣiṣẹ́.
Àwọn ọmọ yunifásítì ń ti Àgọ́-Ìwòyè wá,
igba náírà ní wákàtí kan,
wọ́n jókòó sórí àjákù pákó,
eruku igi bò wọ́n bí ẹni ṣubú sínú ẹ̀lùbọ́.
Èmi náà rójú Ọ̀ṣínáìkè ọmọ mi ní Kánádà.
Ó ti dá irùngbọ̀n sí. Kò sọ fún mi.

Oṣù kẹrin, ìwé kan yọ lójú fóònù:
owó oṣù ti di ìlọ́po méjì.
Kò sí ẹ kúulé, kò sí ẹ jọ̀ọ́.
Odùtáyọ̀ gbé e wá sípàdé
bí ẹni mú aṣọ téku jẹ wá fi han ará ilé.

Bàbá Ṣówẹ̀mímọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀,
ẹni tó fọdún mọ́kàndínlógún ṣẹjọ́ pílọ́ọ̀tì méjì ní Jàpárá:
"Ta ló tà á fún un?
Ìdílé wo ló ni ín tẹ́lẹ̀?
Ta ni olórí ẹbí tó fọwọ́ síwèé?
Níbo ni wọ́n ri òkúta ààlà mọ́?"
A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu wa,
kò sẹ́ni tó mọ èsì.
Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.
Ó tó nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ là ń sọ.

Ilé olówó yìí ò nílẹ̀kùn tá a lè kàn.
Bẹ́ẹ̀ la ò lè já abọ́ lulẹ̀:
pákó ti mọ̀nà Kánò,
àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n pè.
A dá a. A kà á lẹ́ẹ̀mẹta, Ìjẹ̀bú ni wá.

Mo ṣí ìwé. Mo kọ epo jẹnẹrétọ̀,
mo kọ eyín ayùn, mo kọ owó ọlọ́dẹ.
Bírò mi dúró.
Kí ni kí n pe èyí?
Ìyá ìyá mi san irú rẹ̀ rí, agbọ̀n obì kan lọ́dọọdún,
fún ọkùnrin kan tí kò fọwọ́ kan ọkọ́.
Mo kọ ọ́: ìṣákọ́lẹ̀.
Ilẹ̀ kọ́. Mo mọ̀.

Lálẹ́, iná lọ. Mo bọ́ síta.
Wọ́n ń kọjá lókè Igbó, ìmọ́lẹ̀ tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀,
bí ẹni tò fún owó èésú.
Mo kà wọ́n dé mẹ́tàlá.
Wọ́n ṣì ń bọ̀.